Láptọ́ọ̀pù Tó Fúyẹ́ Jù

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi kò ríran. Èéyi ló gba ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń rákòrò. Ìyá rẹ̀ kú kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dora, àbúrò mi obìnrin, ló bá mi tọ́ ọ. Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà bínú sí Dora ju bó ṣe yẹ lọ.

Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Òkìtìpupa ń wá ẹni tí yóò máa ka ìròyìn ní èdè Ìkálẹ̀. Ọmọ mi ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kó wá kà á kí àwọn gbọ́, kó sì mú ẹ̀rọ tí yóò fi kà á dání, nítorí àwọn kò ní irú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn náà ń wá iṣẹ́ yìí. Wọ́n ríran.

Bí ọmọ mi ṣe ń kàwé nìyí. Ètò kan wà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sójú ẹ̀rọ, ètò náà yóò kà á síta. Fẹ́yì yóò ki íápíìsì bọ etí kan, yóò máa gbọ́ ọ, yóò sì máa sọ ọ́ jáde. Fóònù rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní a kì í fi fóònù kọ ìròyìn, ìka ò ríbi dúró lórí dígí. Kọ̀ǹpútà tó lò nílé ìwé ti kú. Ó fẹ́ èyí tó fúyẹ́, nítorí Erínjẹ ni a ń gbé, ọ̀kadà ni yóò sì máa gùn lọ síbi iṣẹ́, ọ̀pá lọ́wọ́, ẹ̀rọ lẹ́yìn. Ó tún fẹ́ èyí tí kì í pariwo, nítorí máíkì ò mọ ohun tó yẹ kó gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ.

Mo hú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tán, mo tà á. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù Láyí ní Òkìtìpupa. Dora tẹ̀ lé wa.

Láyí gbé mẹ́ta kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ojú àkọ́kọ́ ṣe fẹ̀ tó, bí àwòrán ṣe ń dán lórí rẹ̀, bí ènìyàn ṣe lè máa fi wo bọ́ọ̀lù láti òdìkejì yàrá. Ọmọ mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀gbọ́n Láyí," ó ní, "ojú yẹn, ta ni yóò máa bá mi wò ó?"

Láyí wò mí. Mo wo ògiri. Dora ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Fẹ́yì gbé èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ náà, ó sì gbé e kalẹ̀ kíá. Ó wúwo. Ó gbé etí lé abẹ́ rẹ̀, fáànù ń kùn níbẹ̀ bí agbọ́n. Èkejì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ wà láàárín àwọn bọ́tìnì ìkọ̀wé, ó fara kan èyí tí wọ́n fi ń nu lẹ́tà kúrò. Ó ní òun yóò fẹ́ nu lẹ́tà kan lọ́jọ́ kan, òun yóò pa odidi ìròyìn lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta kéré, ó rí pẹlẹbẹ. Ó fi ìka wá ìlà kéékèèké méjì tó máa ń yọ sókè lórí bọ́tìnì méjì láàárín, èyí tí ìka fi ń mọ ilé rẹ̀. Ó bá a. Ó wá ihò íápíìsì, ó bá a. Lẹ́yìn náà ó tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀.

Láyí fà sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá páálí ṣubú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ta láptọ́ọ̀pù, òun ò mọ̀ pé ohùn wà nínú wọn. Fẹ́yì ní gbogbo irú ìwọ̀nyí ló ní i, àwọn ènìyàn ni kò pè é.

Ó tún gbé etí lé abẹ́ ẹ̀rọ kékeré náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní èyí ni.

Dora ní kó gbé e fún òun.

Epo pupa ni Dora ń tà. Bí wọ́n bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo wá láti oko, kì í ṣí i. Yóò gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, yóò sọ ọ́ kalẹ̀, yóò sì sọ fún ẹni tó gbé e wá bí epo náà ṣe dín tó. Kì í ṣì. Wọ́n mọ̀ ọ́n títí dé Òṣooro. Ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fà mí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ní kò sí nǹkan nínú nǹkan náà, wọ́n ti kó inú rẹ̀ lọ, Láyí rí afọ́jú ló ṣe gbé ìkarahun fún un. Mo ní ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lójú wa. Ó ní rédíò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ náà ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ọmọ náà mọ ohun tó ń rà.

A rà á. Dora ò bá Láyí sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde.

Nílé, Fẹ́yì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fi ètò ìkàwé tó mọ̀ sínú rẹ̀. Ó sọ fún un pé kó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti tàn án. Ó mú ohùn náà yára. Ó sì pa iná ojú rẹ̀ pátápátá, kí bátìrì lè pẹ́. Mo béèrè ìdí tí ojú rẹ̀ fi dúdú. Ó ní òun ò lè máa sun epo sínú àtùpà tí òun ò lò. Ọ̀rọ̀ náà yé mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó béèrè.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbọ́ ọ, mo wà lóko. Fẹ́yì wà lọ́dọ̀ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Dora wá sílé wa. Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ni pé òun kàn fẹ́ tún un gbé wò ni. Ó ṣí i, ó tẹ ibi tó rí i tí Láyí tẹ̀. Ojú rẹ̀ kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó dúdú. Íápíìsì wà nínú ihò rẹ̀, nítorí náà kò gbọ́ ohùn kankan. Ẹ̀rọ tó fúyẹ́, tí kò tàn, tí kò dún. Ọwọ́ rẹ̀ kò parọ́ fún un.

Ó fa íápíìsì yọ, ó dá ẹ̀rọ padà sínú páálí, ó gba Òkìtìpupa lọ. Ó pariwo mọ́ Láyí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ títí ọkùnrin náà fi gba ohun kékeré náà, tó sì gbé èyí tó wúwo fún un. Dora gbé e wálé, ó fi í sínú báàgì Fẹ́yì, ó fa síìpù rẹ̀ pa. Kò sọ nǹkan. Ó fẹ́ kó jẹ́ ìdùnnú òjijì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fẹ́yì múra. Ó na ọwọ́ sí báàgì, ó gbé e.

Ó dúró. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gbé e, díẹ̀ kúrò nílẹ̀, gẹ́lẹ́ bí Dora ṣe máa ń ṣe. 

"Bàbá," ó ní, "ohun tó wà nínú báàgì yìí kì í ṣe tèmi."

Ó ṣí i. Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, etí rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì mẹ́ta pọ̀, ẹ̀rọ náà sì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fáànù gbéra nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Ó ní ìròyìn tí òun fi ń dánra wò kò sí nínú rẹ̀. Ohùn tí òun mọ̀ kò sí níbẹ̀. Bí òun bá sì gbé e síwájú máíkì, fáànù ni yóò ka ìròyìn. Gbogbo èyí, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo ti gbọ́ kí ènìyàn sunkún, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Dora wọlé. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀. Ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní ṣé Fẹ́yì ti rí i, ó ní ẹ̀rọ gidi nìyẹn, ó ní ẹni tó bá gbé e yóò mọ̀ pé òun gbé nǹkan.

Fẹ́yì ti ẹ̀rọ náà kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ó yé e pé nǹkan bàjẹ́.

"Mo rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni," ó ní.

"Àǹtí," ọmọ mi wí, "ẹ̀yin lẹ rẹ́ mi jẹ."

Dora di ògiri mú. Ọmọ náà kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí.

Mo ní kí Dora pe Láyí. Láyí ní òun ti tà á. Tíṣà Ọlápàdé láti Igbódìgò ló dé bí Dora ṣe jáde, ọkọ̀ ń dúró dè é, ó ní èyí tó kéré ni òun fẹ́, ó sì gbé e lọ nínú páálí rẹ̀. Òun ò ní nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ Tíṣà ní Igbódìgò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ wọn ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀sán ni wọ́n dá fún Fẹ́yì ní rédíò. A gba ọ̀kadà méjì. Dora àti Fẹ́yì wà lórí ọ̀kan, èmi wà lórí èkejì, ẹ̀rọ tó wúwo náà lórí itan mi. Dora ti sọ fún ọlọ́kadà pé kó má sáré. Fẹ́yì sọ fún un pé kó sáré. Ó sáré.

Nígbà tí a wọ Igbódìgò, a ò tíì béèrè ilé Tíṣà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fẹ́yì gbé orí sókè lórí ọ̀kadà, ó ní kí wọ́n yà sọ́tùn-ún.

"Ẹ̀rọ mi nìyẹn," ó ní. "Ó ń ké."

Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. A yà. Nígbà tó yá, orin ni mo kọ́kọ́ gbọ́, orin àdúrà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan láàárín orin, ohùn ọkùnrin, tó ń sáré, tí kì í mí.

Wọ́n ti da odó dé nínú àgbàlá. Láptọ́ọ̀pù ọmọ mi wà lórí rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká. Wọ́n jìnnà sí i díẹ̀. Ọ̀kan mú ìgbálẹ̀ dání, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tíṣà Ọlápàdé dúró níwájú pẹ̀lú ìgò òróró àdúrà tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì ti fẹ́ dà á sórí ẹ̀rọ náà.

N kì í sáré mọ́. Mo sáré. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

Òróró náà dà sórí bàtà mi.

Tíṣà wò mí bí ẹni tó rí òkú tó dìde.  Ó ní kí n jọ̀wọ́ kúrò níbẹ̀, èmi ò mọ ohun tó wà nínú nǹkan náà. Ó ní bí òun ṣe jí, bí òun ṣe gbàdúrà tán, òun tàn án. Ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀. Òun rò pé kò ní iná, òun ń wá ṣájà, ni ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ òun. Ibi tí òun bá fọwọ́ kàn, ó ń fèsì. Òun dé e, ó dákẹ́. Òun ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Ó ní ẹni tó ń kọ́ ènìyàn ní Bíbélì ni òun, òun ò gbọdọ̀ sá, ṣùgbọ́n òun ti fẹ́ sá.

Fẹ́yì ti ń bọ̀, ọ̀pá rẹ̀ ń tọ́ ilẹ̀ wò. Àwọn obìnrin náà là fún un. Ó na ọwọ́, ó bá odó, ó bá ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo.

Ohùn náà dákẹ́.

Orin náà dákẹ́ pẹ̀lú. Obìnrin tó mú ìgbálẹ̀ jókòó sílẹ̀ láìwo ibi tó ń jókòó sí. Tíṣà wo ọmọ mi, ó wo ojú rẹ̀ tí kò là, ó wo ìka rẹ̀. Ó dé ìgò rẹ̀.

Dora ló ṣàlàyé fún wọn. Kò fi ibì kankan pamọ́. Nígbà tó dé ibi tó ti gbé ẹ̀rọ náà wò lọ́wọ́ kan, obìnrin kan ní àgbà elépo rèé, àfi kó lọ máa fi ọwọ́ wọn ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Dora kò rẹ́rìn-ín.

Mo gbé èyí tó wúwo fún Tíṣà. Ó fà sẹ́yìn ná. Fẹ́yì ní èyí kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá pè é. Ó tàn án, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbòò. Tíṣà sún mọ́ ọn, ó ní àwọn lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó ní òun kì í rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ìyẹn ṣe parí nìyẹn. Oòrùn ti dé àárín orí.

A pẹ́ dé rédíò. Àwọn méjì yòókù ti kà, wọ́n ti lọ. Ìyáàfin Agatha, ọ̀gá ibẹ̀, ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka ìròyìn kì í pẹ́, ìròyìn kì í dúró de ènìyàn. Òótọ́ ló sọ. Mo ti ń yíjú padà.

"Mo pẹ́," ọmọ mi wí. "Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka ẹyọ kan péré."

Agatha wo ọ̀pá rẹ̀. Ó gbé báàgì kalẹ̀. Wọ́n fi fláàṣì gbé ìròyìn tí àwọn yòókù kà sínú ẹ̀rọ Fẹ́yì. Ó wọ yàrá máíkì. Dora ní òun ò lè wò ó, ó lọ dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní èmi lè dúró lẹ́yìn dígí.

Ọmọ mi kà á. Ìkálẹ̀ tí ìyá mi ń sọ ló jáde láti ẹnu rẹ̀, bó ṣe yẹ kó lọ sókè, bó ṣe yẹ kó wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dún. Kò kọsẹ̀ níbì kankan.

Agatha ní kó dúró. Ojú rẹ̀ le. Ó ní ta ló ka ìròyìn yìí fún un nílé, nítorí ẹni tó kọ́ nǹkan sórí ló ń kà báyìí. Fẹ́yì ní kò sí. Agatha bẹ̀rẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù náà, ó ní ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn. Fẹ́yì ní òun ni òun pa á.  Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó tẹ nǹkan síbẹ̀, ó fi ara bo ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí i. Ó gbé fláàṣì náà wá.

Fẹ́yì fetí sí i. Ó sún mọ́ máíkì.

"Ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́," ó ní, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń kéde ikú ọba, "sọ pé ìyá àgbà Agatha kò mọ púpurú yan rárá, jíjóná ló ń jóná títí màmá náà fi lọ sọ́run."

Ìyá wo ni ò mọ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ yẹn yan nílẹ̀ wa? Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Agatha kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yẹn nílé iṣẹ́ yìí. Ó ní kí Fẹ́yì fún òun ní íápíìsì náà, kó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tún un kà, òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó ki i bọ etí. Mo rí i tí iwájú orí rẹ̀ kó jọ. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Ó yọ ọ́, ó wò ó bí ẹni pé kòkòrò ló bọ́ sí i létí. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó fà mí wọlé, ó fún èmi náà.

Mo gbọ́ ọ. Òjò lórí páànù ni. Òyìnbó kan ló ń sáré pẹ̀lú iṣu gbígbóná lẹ́nu. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. N kò gbọ́ púpurú níbẹ̀. N kò gbọ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Èdè mi ni wọ́n kọ síbẹ̀, n kò dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀.

Agatha béèrè bóyá ohun tí Fẹ́yì ń gbọ́ láti ìgbà tó ti ń kà nìyí.

"Ohùn òyìnbó ni," Fẹ́yì wí. "Kò gbọ́ Ìkálẹ̀. Bó ṣe mọ lẹ́tà ló ń pè é. Èmi ni mo ń tún un ṣe lórí kó tó dé ẹnu."

Agatha wá àga, ó jókòó. Gbogbo ọjọ́ tí ọmọ náà fi ń kàwé nínú ilé mi, mo rò pé ẹ̀rọ ló ń bá a sọ ọ́, tó sì ń tún un sọ bí ọmọ ilé ìwé. N kò gbé íápíìsì yẹn sétí rí.

"Bàbá," Agatha ní, "ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

N kò mọ̀. Mo mi orí.

Ó yíjú sí ọmọ mi. Ó ní ìròyìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ pẹ́ mọ́.

Dora wà lẹ́nu géètì níbi tí a fi í sí, ó di géètì mú. Ó wo ojú mi, kò rí nǹkan kà níbẹ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n wí. Mo nawọ́ sí Fẹ́yì. 

"Wọ́n gbà mí, Àǹtí," Fẹ́yì wí.

Dora jókòó sílẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.  Èmi náà jókòó tì í. Fẹ́yì dúró lẹ́bàá títì, báàgì rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fi ọ̀pá pe ọ̀kadà tí yóò gbé wa lọ sílé.